Ẹlẹ́dẹ̀ Idẹ Tí Minnesota àti Iowa Ń Dù

Minneapolis, Minnesota,
Amẹ́ríkà.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ sì kú ìtọ́jú Màmá. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí, àfi òtútù tó ti ń mú. Ẹ bi mí lórí fóònù pé kí ló dé tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin inú fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ fi ń gbé ẹlẹ́dẹ̀ yọ̀ káàkiri pápá. Ọ̀rọ̀ náà gùn ju ti orí fóònù lọ.

Ẹlẹ́dẹ̀ yẹn ni ife ẹ̀yẹ tí Yunifásítì Minnesota àti ti Iowa máa ń dù nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́ sáré. Idẹ ni wọ́n fi ṣe é, ó sì wúwo tó kìlógíráàmù 44, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò ìrẹsì ńlá kan. Nígbà tí wọ́n gbé e kọjá níwájú wa, mo rí i tí ọmọkùnrin kan tí òógùn bo ojú rẹ̀ fi ẹnu ko ó nímú. Ẹlẹ́dẹ̀ yìí nìkan kọ́ ni irú ife ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀: orù omi kan tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Yunifásítì Michigan gbàgbé síbí lọ́dún 1903, tí wọ́n ra ní 30 sẹ́ǹtì péré, ni Minnesota àti Michigan ń dù ní tiwọn.

Ṣùgbọ́n ìtàn ẹlẹ́dẹ̀ yìí ló wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Lọ́dún 1934, Iowa ní ọmọ aláwọ̀ dúdú kan tó yára bí àṣá, Ozzie Simmons láti Texas, ní àkókò tí irú rẹ̀ kò pọ̀ nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì ńlá. Minnesota fi 48 sí 12 na Iowa, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ará Iowa kò lè gbé mì ni bí àwọn agbábọ́ọ̀lù Minnesota ṣe ń kọlu Simmons títí ó fi fara pa, tó sì kúrò lórí pápá. Ẹ rántí pé ní 1923, Jack Trice, aláwọ̀ dúdú láti yunifásítì mìíràn ní Iowa, fara pa nínú eré pẹ̀lú Minnesota níbí, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ méjì.

Nígbà tí eré ọdún 1935 kù sí dẹ̀dẹ̀, Herring, gómìnà Iowa, kìlọ̀ pé bí adájọ́ eré bá gba irú ìwà bẹ́ẹ̀ láyè, àwọn òǹwòran kò ní gbà á. Ara gbóná. Olson, gómìnà Minnesota, wá tẹ wáyà sí i pé kí àwọn méjèèjì fi ẹlẹ́dẹ̀ kọ̀ọ̀kan ta tẹ́tẹ́. Minnesota borí, 13 sí 6, eré náà sì lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Herring fúnra rẹ̀ ló fa ẹlẹ́dẹ̀ ààyè, tí wọ́n mú wá láti oko Rosedale, wọ ọ́fíìsì Olson. Floyd, orúkọ Olson, ni wọ́n sọ ọ́. Nígbà tí àrùn pa ẹlẹ́dẹ̀ náà, Charles Brioschi, oníṣẹ́ ère, fi ère idẹ rọ́pò rẹ̀.

Mo gbà pé Olson gbọ́n, nítorí ó fi omi tútù pa iná. Ohun tó dùn mí ni pé ọ̀rẹ́ mi tó mú mi lọ síbi eré náà mọ ìtàn tẹ́tẹ́ náà tinú-tòde, kò sì mọ Simmons rárá. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo jí Ayọ̀ ọmọ wa, mo fi fọ́tò Simmons hàn án, kí n tó fi ti ẹlẹ́dẹ̀ hàn án.

Ẹ bá mi kí Màmá.

Èmi ni ọmọ yín,
Adéwálé