Màmá Mi, Ẹ Má Pa Oògùn Yín Tì

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Ara mi le, iṣẹ́ sì ń lọ.

Ẹ ní kí n fi Ọlọ́run ṣe ibi ìsádi mi. Mo gbọ́, mà. Ẹ̀rù máa ń bà mí lóòótọ́, pàápàá tí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, tí kò sí ẹnì kan lójú ọ̀nà tó mọ orúkọ mi. Ẹ̀yin fẹ́ràn Sáàmù 91. Ìwé Nọ́ńbà orí 35 ni èmi máa ń sá tọ̀. Ìlú ààbò mẹ́fà ni Ọlọ́run ní kí wọ́n yà sọ́tọ̀, kí ẹni tó bá ṣèèṣì pa ènìyàn lè rí ibi sá sí, kí agbẹ̀san má bàa pa á kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ẹsẹ 15 ló dùn mọ́ mi jù: kì í ṣe ọmọ Ísírẹ́lì nìkan ló ni ìlú wọ̀nyí, ti àlejò àti àtìpó ni pẹ̀lú. Èmi àtìpó kà á, ọkàn mi balẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ẹni náà máa fi sáré débẹ̀, mà.

Àbúrò mi sọ fún mi pé ẹ ti pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì, pé Ọlọ́run ni odi yín. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a wí. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò.) Ta ni mí tí n ó fi kọ́ ẹni tó kọ́ mi ní àdúrà? Àmọ́ Sáàmù 91 yẹn gan-an ni Èṣù kà fún Jésù lórí ṣóńṣó tẹ́ḿpìlì, tó ní kó bẹ́ sílẹ̀. Jésù ò bẹ́.

Ẹ tún wo Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 27. Ènìyàn 276 ló wà nínú ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù nígbà tí ìjì ń bì í káàkiri. Áńgẹ́lì ti sọ fún un pé ẹ̀mí kankan ò ní ṣòfò. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn atukọ̀ ń dọ́gbọ́n àtisálọ, Pọ́ọ̀lù kan náà ló sọ fún balógun ọ̀rún pé bí wọn ò bá dúró, kò sí bí àwọn yòókù ṣe lè là. Ó tún rọ gbogbo wọn kí wọ́n jẹun kí ara wọn lè gbà á. Ọkọ̀ fọ́ nígbẹ̀yìn. Àwọn kan lúwẹ̀ẹ́, àwọn kan di pákó mú, gbogbo wọn ló gúnlẹ̀. Ṣé ìgbàgbọ́ ẹni tó di pákó mú wá kéré ni? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí àbúrò mi sìn yín lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò. Mo ti fi owó oògùn ránṣẹ́ sí i. N ó pè yín lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ sọ iye tí ẹ̀jẹ̀ ríru yín jẹ́ fún mi, kí a tó jọ gbàdúrà. Ẹ bá mi kí Bàbá.

Èmi ni,
Ọmọ yín