Àbàtà kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka ìròyìn yín lórí àbàtà etí ọ̀sà tí wọ́n ń fi yanrìn dí. Mi ò fara mọ́ kí wọ́n dí i rárá.

Ní oṣù kọkànlá, mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ wo ẹyẹ létí ọ̀sà, ní kùtùkùtù, nígbà tí omi ti fà. Lékeléke pọ̀ níbẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn ló ń gbé e wá? Èyí tó gbà mí lọ́kàn ni whimbrel. Àgógó ẹnu rẹ̀ gùn, ó tẹ̀ bíi dòjé, òun ló fi ń fa akàn yọ nínú ẹrẹ̀. Àríwá Yúróòpù lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń pamọ kí wọ́n tó fò wá bá wa. Àlejò tó rin irú ìrìn yẹn, ṣé yanrìn la ó fi kí i káàbọ̀?

Àbàtà yìí náà ló ń gba àgbàrá òjò dúró kó má baà wọlé bá wa. Ibi 11 ni Nàìjíríà fi sábẹ́ àdéhùn Ramsar tó ń dáàbò bo àbàtà, kò sì sí ẹyọ kan ní Èkó, Èkó aromisá lẹ̀gbẹ-lẹ̀gbẹ!

Ọmọ kan bi mí pé ta ló ni àbàtà. Mi ò rí èsì fún un.

Olùkọ́ kan,
Àgbádárìgì.