Sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ tí Ẹ Fẹ́ Kọ Ìtàn Ìjọ Abúlé Wa

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Inú mi dùn pé ẹ fẹ́ kọ ìtàn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kékeré tó wà lábúlé wa, lẹ́bàá Iléṣà. Ṣùgbọ́n mo rí i pé Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì tí ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, ni ẹ fi kún ojú ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́. Gbólóhùn kan tó fún un, nítorí kò fi ẹsẹ̀ tẹ abúlé wa. Inú ìwé kíláàsì, ìyẹn ìwé tí a ń kọ orúkọ àwọn ọmọ ìjọ àti owó tí wọ́n dá sí, ni ìtàn tiwa wà.

Ní ọdún 1742, gbèsè wà lórí ilé ìsìn tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ John Wesley, ẹni tó dá Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, kọ́ sí Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n wá pín ara wọn sí ọ̀wọ́ ẹni méjìlá-méjìlá, tí à ń pè ní kíláàsì, kí ẹnì kan lè máa gba pẹ́nì kan lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí agbowó ṣe ń ti ojúlé dé ojúlé ni ó ń mọ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá àti ẹni tí ìwà rẹ̀ ti ń yí padà, ètò owó sì di ètò ìtọ́jú ọkàn. Ètò yìí ni ó dé ọ̀dọ̀ wa, ìdí nìyẹn tí orúkọ àti owó fi jọ wà lójú ìwé kan náà. Ẹ fi ìgbà tí owó pọ̀ wé ìgbà tí a ń ta kòkó.

Ẹ béèrè orúkọ àwọn obìnrin tí wọ́n pọn omi tí a fi po amọ̀ ilé ìsìn àkọ́kọ́, nítorí “Ìyá Lágbájá” lásán ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tí ó bá sì sọ pé bàbá òun nìkan ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ rọra kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀.

Ẹ má fi ìjà pamọ́. Òfin tuntun tí ó mú oyè Pátíríákì, oyè olórí gbogbo ìjọ, wá ní 1976 pín Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Nàìjíríà sí méjì, wọn kò sì parí rẹ̀ títí di 1990. Ẹ wádìí ibi tí ìjọ wa dúró sí, àti àwọn tí kò kí ara wọn nígbà náà.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ gba àyè lọ́wọ́ àkọ̀wé ìjọ, kí ẹ fi fóònù ya gbogbo ojú ìwé kíláàsì náà kí ikán tó jẹ ẹ́ tán. Ẹ mú un wá bá mi ní Iléṣà. Mo ṣì lè dá ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn olórí kíláàsì kan mọ̀.

Èmi ni bàbá yín.