Orí Nìkan Kọ́ Ló Ń Lọ sí Ilé-Ìwé

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín ní orúkọ Jésù.

Akọ̀wé ìjọ kó ìwé ẹ̀bẹ̀ àdúrà tí àwọn ọ̀dọ́ kọ níbi ìṣọ́ òru wá bá mi. Ìkọ̀wé ọ̀kan rí wúruwùru; a wò ó títí, a kò mọ̀ bóyá físà ni ọmọ náà ń tọrọ àbí fìlà. Olúwa kúkú mọ̀, ṣùgbọ́n àwa tí a fẹ́ bá a ṣe àmín kò mọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ mi fi dá lórí ọwọ́ àwọn ọmọ wa: ìwé kíkọ àti iṣẹ́ ọwọ́.

Ẹ wá wo ìwé ìtẹ̀bọmi àtijọ́ wa. Àwọn tó kọ ọ́ kò kà ju ìwé mẹ́fà lọ, síbẹ̀ lẹ́tà wọn dọ́gba, wọ́n fara ti ara wọn bí ẹgbẹ́ akọrin tó ń tò wọlé. Orí síléètì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí olùkọ́ tó gbé gègé tí wọ́n ń tì bọ yíǹkì lé wọn lọ́wọ́. Bí yíǹkì bá kán sórí ìwé, ẹgba ni. (N kò ní ká dá ẹgba padà o.) Iṣẹ́ ọwọ́ náà ní ọjọ́ tirẹ̀: wọ́n ń hun ẹní, wọ́n ń di ìgbálẹ̀, wọ́n ń roko ilé-ìwé.

Olóògbé Tai Solarin kò gbà pé Ọlọ́run wà, gbogbo ayé ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ní ilé-ìwé Mayflower tó dá sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́, wọ́n ń dáko. Ó ká mi lára pé ẹni tí kì í gbàdúrà ló di ohun tí ìjọ fi sílẹ̀ mú. Nítorí ìjọ ló kọ́kọ́ ni ín. Nígbà tí wọ́n gba Àjàyí Crowther kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú ní 1822, tó dé Sàró, ó kọ́ ìwé, ó sì kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Ọwọ́ tó ti di òòlù mú náà ló di gègé mú níbi ìtumọ̀ Bíbélì wa.

Pọ́ọ̀lù pàápàá, àgọ́ ló ń pa jẹun (Ìṣe 18:3). Ó ní ẹni tó ń bá a kọ̀wé. Tertiu ló bá a kọ lẹ́tà tó lọ sí Róòmù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ àwọn ará Galatia dùn ún dé egungun, ó gba gègé, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba (Gálátíà 6:11).

N kò bá fóònù jà; orí fóònù ni mo ti tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọmọ wa ń ṣe JAMB lórí kọ̀ǹpútà, ó dára. Ṣùgbọ́n bí bọ́tìnnì bá já lára ẹ̀wù ọmọ tó ń lọ sí yunifásítì, ṣé ìyá rẹ̀ ni yóò wọ mọ́tò lọ rán an?

Nínú ìsinmi gígùn yìí, ẹgbẹ́ àwọn ìyá yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ lílò, aṣọ fífọ̀ àti ọbẹ̀ sísè ní gbogbo Sátidé, lẹ́yìn ìdánrawò akọrin. Olúkúlùkù ọmọ yóò sì fi ọwọ́ kọ lẹ́tà kan sí ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ má bá wọn kọ ọ́. Bàbá tó bá sì ní ọmọkùnrin òun kò ní dé ìdí ààrò, kó wá rí mi lẹ́yìn ìsìn.