Ọ̀rọ̀ náà "amúnisìn" kò mọ sórí òyìnbó

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka àròkọ tí ẹ gbé jáde lórí ìjọba amúnisìn, ó sì kún fún ẹ̀kọ́. Ibi tí òǹkọ̀wé ti lo "amúnisìn" bí ẹni pé orúkọ òyìnbó nìkan ni, ni mo fẹ́ kí a tún gbé yẹ̀ wò.

Inú ọ̀rọ̀ náà gan-an ni ẹ̀rí wà: mú, ni, sìn. Ẹni tó mú ènìyàn kí ó lè máa sin òun ni amúnisìn. Kò sí àwọ̀ ara nínú rẹ̀, kò sì sí òkun tí wọ́n là kọjá. Inú èdè Látìn ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú ọ̀rọ̀ tirẹ̀, colony, láti ara colonia, tí gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ oko, nítorí ibùdó àwọn àgbẹ̀ àti ológun tó ti fẹ̀yìn tì ni àwọn ará Róòmù ń pè bẹ́ẹ̀, irú èyí tó di ìlú Köln ní Jámánì. Ẹni tó lọ gba ilẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ, kò sì rántí ẹni tó bá níbẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa, ẹni tí wọ́n mú ló ń sọ̀rọ̀, òun ni mo sì gbà pé ó sọ òótọ́ jù.

Kí òyìnbó tó dé ilẹ̀ Ọ̀kun, ilẹ̀ àwa Yorùbá tó wà ní Kogí, àwọn Tápà Bídà ti ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ Yàgbà, Búnú, Ìjùmú àti Kàbà, ọmọ ènìyàn sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì, tí Goldie olórí rẹ̀ fúnra rẹ̀ bá lọ, kọ́kọ́ wọ Kàbà kí wọ́n tó ṣẹ́gun Bídà, wọ́n sì kéde pé àwa ará Kàbà ti bọ́ lọ́wọ́ Tápà. Nígbà tó fi di ọjọ́ kìíní ọdún 1900, Lugard, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ti gba ìṣàkóso Àríwá Nàìjíríà lórúkọ Gẹ̀ẹ́sì, owó orí sì tẹ̀ lé e. Ṣé ẹni tó gba owó orí ni yóò jẹ́ amúnisìn, tí ẹni tó gba ọmọ ènìyàn kò ní jẹ́ ẹ?

N kò wẹ òyìnbó mọ́, n kò sì bá Tápà òde òní jà, a ti di àna ara wa. Ìbàdàn tó fi ajẹ́lẹ̀, àwọn aṣojú tó fi ṣọ́ ìlú tó ṣẹ́gun, ni Èkìtì lára títí ogun Kírìjì fi bẹ́ sílẹ̀ ńkọ́?

Ẹ jọ̀wọ́, kí ìwé ìròyìn yín máa so orúkọ ẹni tó múni sìn mọ́ ọ̀rọ̀ náà: amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì, amúnisìn Bídà, amúnisìn Ìbàdàn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí