Ẹni tó bá fẹ́ sọ àsọtẹ́lẹ̀ Oscar, kó kọ́kọ́ wo fíìmù

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́. Inú ló ń bí mi tí mo fi kọ ìwé yìí, n kò sì ní fi pa mọ́. Odidi ojú ìwé kan ni ẹ fi gbé àsọtẹ́lẹ̀ àwọn tó máa gba Oscar, ẹ̀yẹ fíìmù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti ọdún 2026 jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo kà á látòkè délẹ̀, mo tún padà kà á. N kò rí gbólóhùn kan ṣoṣo tó fi hàn pé ẹni tó kọ ọ́ jókòó wo ọ̀kankan nínú fíìmù mẹ́wàá tó tò sílẹ̀. Ohun tó kún ibẹ̀ ni pé àwọn aṣàyẹ̀wò fíìmù ní New York ti fún lágbájá ní ẹ̀yẹ, àwọn ti Los Angeles ti fún tàmẹ̀dù, nítorí náà lágbájá tàbí tàmẹ̀dù ló máa gbé Oscar. Ṣé ọ̀rọ̀ fíìmù nìyẹn, àbí tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù?

Kì í ṣe ìwé ìròyìn yín nìkan o. Ẹnì kan á kọ́kọ́ sọ ọ́, àwọn ìyókù á gbà á lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni ń gbe orin, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n á ní gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dà bí babaláwo tí kò da ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, tó sì ń pe orúkọ odù.

Ohun tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ nípa Sinners, fíìmù Ryan Coogler tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Gbólóhùn méjì péré ló kàn án: wọ́n ní ó tètè jáde jù, wọ́n sì ní fíìmù ẹlẹ́rù ni, pé àwọn olùdìbò kì í ka irú rẹ̀ sí. Irọ́ ni méjèèjì. Oṣù kejì ọdún 1991 ni The Silence of the Lambs jáde, ẹ̀rù ló sì wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tí ọdún yípo, ó gba ti fíìmù tó dára jù lọ, ti olùdarí, ti òṣèrékùnrin, ti òṣèrébìnrin àti ti ìwé eré. Everything Everywhere All at Once dé ilé sinimá ní oṣù kẹta ọdún 2022, ó sì kó Oscar méje lọ ní ọdún kejì.

Ká tilẹ̀ fi ìyẹn sílẹ̀. Ta ló lè wo Sinners tán kó má sọ nǹkan kan nípa ilé ijó yẹn? Ní Clarksdale, ní Mississippi, lọ́dún 1932, Sammie ọmọ oníwàásù gbé gìtá, ó da orin blues sílẹ̀, àfi bí àwọn onílù ilẹ̀ Áfíríkà ṣe yọ láàárín èrò, tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń yí àwo orin òde òní náà yọ. Ará ọ̀run ń bá ará ayé jó, àwọn tí a kò tíì bí náà wà níbẹ̀, kámẹ́rà sì ń gba àárín wọn kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Èmi dìde lórí àga mi. Ẹ wá wo Wunmi Mosaku, ọmọ tí wọ́n bí sí Nàìjíríà, tó ṣe Annie. Nígbà tí òun àti Smoke ọkọ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ọmọ wọn tó kú, kò pariwo, kò ju ọwọ́ ju ẹsẹ̀, síbẹ̀ o mọ̀ pé oǹdè tó ṣe fún ọkùnrin yẹn ni gbogbo ìfẹ́ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní àríwísí tèmi náà: ìjà alẹ́ ọjọ́ yẹn pẹ̀lú àwọn òkú tó ń mu ẹ̀jẹ̀ yá jù, a kò ráyè ṣọ̀fọ̀ àwọn tó ṣubú. Ṣùgbọ́n mo wò ó kí n tó sọ bẹ́ẹ̀. Òǹkọ̀wé yín kò wò ó.

Ọ̀nà tí àwọn alásọtẹ́lẹ̀ ń tọ̀ yìí gan-an, kí wọ́n máa wo ẹni tó ti gba ẹ̀yẹ níbòmíràn, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbè wọ́n. Ní 2020, ẹgbẹ́ àwọn olùdarí, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbé fíìmù jáde àti àwọn ará Bìrìtìkó ló fún fíìmù tó ń jẹ́ 1917 ní ẹ̀yẹ. Parasite ló gbé Oscar fíìmù tó dára jù lọ lọ, fíìmù àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ti èdè Gẹ̀ẹ́sì tó máa gba irú ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀. Ní 2021, wọ́n gbé ti òṣèrékùnrin sí ìparí ètò, gbogbo ayé sì gbà pé torí Chadwick Boseman tó ti dolóògbé ni. Anthony Hopkins ni wọ́n pè, kò sì sí níbẹ̀. Ní 2025, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré ti fún Demi Moore, gbogbo ẹnu ti so mọ́ ọn, Mikey Madison ló gba Oscar.

Àwọn tó ń ṣètò ẹ̀yẹ náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti 1929 ni wọ́n ti ń pín in, oṣù kẹrin ọdún 2025 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé olùdìbò gbọ́dọ̀ wo gbogbo fíìmù tó wà nínú ìsọ̀rí kan kó tó dìbò níbẹ̀ ní ìpele ìkẹyìn. Kí ni wọ́n ti ń ṣe látọjọ́ yìí?

Síbẹ̀, òfin yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ yá lò. Olùdìbò tó bá wo fíìmù níbòmíràn yàtọ̀ sí orí ìkànnì àwọn tó ń ṣètò ẹ̀yẹ náà, ó ní láti kọ ibi tó ti wò ó àti ìgbà tó wò ó. Kí òǹkọ̀wé yín náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ya àpótí kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ àsọtẹ́lẹ̀: fíìmù tó wò, bóyá ilé sinimá ni tàbí orí fóònù, bóyá ó wò ó tán. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ iye àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ tó ṣẹ àti iye tí kò ṣẹ lọ́dún tó kọjá. Lẹ́yìn náà, kó kọ orúkọ méjì sí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan: ẹni tó rò pé ó máa gbà á, àti ẹni tó tọ́ sí lójú tirẹ̀. Fún ẹni tó tọ́ sí, kó dárúkọ ìran kan pàtó nínú fíìmù náà tó mú un sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò bá wò, kó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ojú kò ní tì í, àwa tó ń kà á la ó mọ ibi tó dúró.

Ẹ tún lè fún àwa òǹwòran láyè díẹ̀ lójú ìwé náà. Ẹ sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ka ìbò fíìmù tó dára jù lọ, pé ṣe ni olùdìbò ń tò wọ́n ní ipò kìíní dé ìkẹwàá.

Mẹ́fà ni mo ti wò nínú mẹ́wàá tí ẹ tò yẹn. Ẹ bá mi bi òǹkọ̀wé yín pé mélòó ni òun wò, kí ẹ sì tẹ ìdáhùn rẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín tòótọ́