Ọ̀RỌ̀ OLÙṢỌ́-ÀGÙNTÀN: Dùùrù Lórí Igi Wílò

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Orin Dáfídì 137 ni mo ń kà láti ọjọ́ Ajé, n kò sì tíì kúrò nínú rẹ̀. Ẹ mọ ohun tó gbé mi débẹ̀: àríyànjiyàn lórí àwòrán iná àti ìbọn tí àwọn ọmọ ogunléndé tí à ń kọ́ ní iṣẹ́ ọnà níbí yà, àti ọmọ kan nínú wọn tí a fà dìde níwájú àlejò kó sọ ìyà tó jẹ ẹ́. N kò ní í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ìgbèkùn jókòó létí odò Bábélì, wọ́n ń sunkún, wọ́n sì fi dùùrù wọn kọ́ sórí igi wílò. Wọn kò fọ́ ọ, wọn kò jù ú sódò. Ẹni tó gbé nǹkan kọ́ ṣì ní in lọ́kàn láti sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ta ló wá ń yọ wọ́n lẹ́nu pé kí wọ́n kọrin? Àwọn tó kó wọn lẹ́rú ni. Wọ́n fẹ́ fi orin Síónì dára yá. Orin tí ì bá tu àwọn olórin fúnra wọn lára ni wọ́n fẹ́ sọ di eré ìwòran, ibẹ̀ ló sì ti ń ká mi lára jù. “Àwa ó ti ṣe kọ orin Olúwa ní ilẹ̀ àjèjì?” Ìbéèrè yìí gan-an, orin ni. Wọn kò kọ èyí tí wọ́n fi dandan bèèrè, wọ́n kọ ti ara wọn. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.

Ẹsẹ tó kẹ́yìn ńkọ́? A kì í kà á nínú ìsìn, ó le jù. Ìbínú ni, ẹ̀san ni. Síbẹ̀ Ọlọ́run jẹ́ kó wà nínú Ìwé Mímọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ohun tí iná àti ìbọn ń wá nínú àwòrán tó wà lára ògiri ilé Ọlọ́run, ṣé ọmọ tó yà á ló dá iná náà ni?

Nígbà ogun àgbáyé kejì, obìnrin ayàwòrán kan, Friedl Dicker-Brandeis, wà ní Terezín, àhámọ́ tí ìjọba Násì ti Jámánì kó àwọn Júù sí, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Czech lónìí. Ó kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní àwòrán, ó sì ní kí kálukú kọ orúkọ ara rẹ̀ sára tirẹ̀. Ní 1944 ni àwọn Násì kó o lọ sí Auschwitz, àgọ́ ìpànìyàn wọn, wọ́n sì pa á. Àwòrán àwọn ọmọ náà bí 4,500 ló fi sílẹ̀ nínú àpótí ìrìn-àjò méjì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kò yè é. Àwòrán kò lè dá ikú dúró, n kò ní í purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n orúkọ wọn wà níbẹ̀ títí dòní.

Ẹnikẹ́ni kò bi ọmọ ogunléndé léèrè kí wọ́n tó gbé e kúrò nílé, wọn kò bi í ọ̀nà tó fẹ́ gbà tàbí ibi tó fẹ́ sùn. Ẹ wá gbé ọ̀dà síwájú rẹ̀, ó mú àwọ̀ tó wù ú. Ohun kékeré ni, àmọ́ ibẹ̀ ni agbára ti ń padà sára. Kò tíì gbọ́ èdè wa, ọwọ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Olùkọ́ kan náà, ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀, títí ọkàn rẹ̀ yóò fi gbà pé ọ̀la ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹni tó bá ń lu ìlù pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́tí sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí ogun ti kọ́ láti sá fún ènìyàn tún ń kọ́ bí a ṣe ń dúró ti ènìyàn. (Ọmọ tí kò rí oorun sùn mọ́, tàbí tó ti dákẹ́ pátápátá, ọ̀dọ̀ oníṣègùn ọkàn ni kí ẹ mú un lọ. Kí olùkọ́ àwòrán má ṣe tú ọgbẹ́ tí kò lè dì.)

Ẹ̀yin àgbà, ta ló fún wa láṣẹ? Ta ló ní kí a fa ọmọ dìde níwájú àlejò kó wá ṣàlàyé ìyà tó jẹ ẹ́, kí a na fóònù sí i lójú, kí a sì pàtẹ́wọ́ nígbà tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀? A ò tilẹ̀ rántí bi í lórúkọ. Àdéhùn Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ti 1989, abala 31, sọ pé eré àti iṣẹ́ ọnà jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ. Kò jẹ wá ní gbèsè ìtàn nítorí pé a fún un ní bébà. Ẹni tí àwòrán ọmọ ọlọ́mọ bá wà lórí fóònù rẹ̀, kó pa á rẹ́ kó tó wá síbi tábìlì Olúwa.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ ṣe, ẹ fẹ́ kí ayé rí iṣẹ́ náà. Ọlọ́run rí i. Ẹ̀yin ìyá àti ọ̀dọ́ tí ẹ ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú wọn, tí ọ̀dà ń ta sí yín láṣọ tí ẹ kì í kùn, Olúwa yóò san án fún yín. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tú wa ká. Ẹ lọ bá ara yín sọ̀rọ̀, kí ìkùnsínú tán.

Ìfilọ̀, nítorí ààyè ti ń tán: Ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin ti kúrò ní Ọjọ́bọ̀, ó di ọjọ́ Ẹtì, àwọn ọmọ ló ni gbọ̀ngàn ní Ọjọ́bọ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ olùkọ́ wọn. A ń fẹ́ bébà tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, àti ọ̀dà pupa, èyí tó wà ti tán. 20 Oṣù Kẹfà ni Àyájọ́ Ogunléndé Lágbàáyé: àdúrà la ó gbà, kò sí ìpàtẹ. Ẹ ṣèbẹ̀wò sí àwọn aláìsàn wa. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ owó ìwé orin, akápò ń retí yín.